Pásẹ́ǹtì Ti Ta Ni? Bí Mo Ṣe Fọwọ́ Ara Mi Tún Àtẹ Ẹgbẹ́ Wa Ṣe

Náírà 12,000 ni mo kà sílẹ̀ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan nígboro Ìlọrin. Owó ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe owó àpò mi. Ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni ìwé kan ṣoṣo, aláwọ̀ mèremère, ìwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti àwọn ìyá tó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ jáde nínú ẹgbẹ́ náà. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Àwọn tó ń tajà ní Ọjà Ọba àti Ìpàtá ló pọ̀ jù nínú wa, àwọn díẹ̀ sì ń hun aṣọ òkè. Lọ́jọ́ Àlàmísì, ọmọkùnrin kan máa ń yí ìsọ̀ ká láti gba owó lọ́wọ́ kálukú, á sì kọ ọ́ sí káàdì. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ló da ọ̀rọ̀ rú, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000, tí ènìyàn ń tò sẹ́nu báńkì láti àárọ̀ tí kò sì rí ohun mú relé. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé kí a fi gbígba owó lọ́wọ́ sílẹ̀, kí kálukú máa fi tiránsífà ránṣẹ́. Àwọn mìíràn ní àwọn ò gbà, pé ta ni yóò máa san náírà 50 tí wọ́n ń yọ lórí owó tó bá ti tó 10,000. Ni a bá fẹnu kò pé kí a bi gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Mo kọ ìwé ìbéèrè náà fúnra mi: nọ́ńbà káàdì rẹ, ṣé o ti tó ogójì ọdún tàbí o kò tíì tó o, ṣé o ní àpò owó ní báńkì tí o lè fi fóònù lò, èwo lo fẹ́ nínú lọ́wọ́ àti tiránsífà. Bí a ṣe pín in àti bí a ṣe gbà á padà kò le, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo kó àwọn ìwé náà lọ, kí wọ́n bá wa kà wọ́n, kí wọ́n sì fi wọ́n ṣe àtẹ. Ẹ wá wo iṣẹ́ wọn. Kò sí iye ènìyàn kankan nínú ìwé tí wọ́n fún mi. Pásẹ́ǹtì mẹ́rin ló wà nínú ilé mẹ́rin, ìyẹn àwọn àpótí kéékèèké inú àtẹ. Àgbà tó fẹ́ tiránsífà, 30. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ tiránsífà, 23. Àgbà tó fẹ́ kí a gbà á lọ́wọ́, 37. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ bẹ́ẹ̀, 10. Wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀ pé àwọn àgbà fẹ́ tiránsífà ju àwọn ọ̀dọ́ lọ.

Alága wa kà á síta nípàdé. "Ṣé ẹ rí i? Ọgbọ̀n ju mẹ́tàlélógún lọ. Àwọn ìyá wa gan-an ló fẹ́ ẹ jù." Lójú ẹsẹ̀ ni ìgbìmọ̀ pinnu pé láti oṣù tó ń bọ̀, ọmọkùnrin yẹn kò ní yí ìsọ̀ ká mọ́. Ìyá kan tó ń ta wàrà ní Ìpàtá dìde, ó kọjú sí mi, kò tilẹ̀ gbóhùn sókè. "Ọmọ mi, ta ni ẹ bi? Nínú àwa mẹ́wàá tí a jọ jókòó ní ìlà ìsọ̀ wa, mélòó ló ní báńkì nínú fóònù?" Mi ò rí ohun tí mo máa fọ̀ sí ìyá.

Nígbà tí mo délé, mo tẹ́ ìwé náà sílẹ̀, mo ro ó pọ̀. Ọgbọ̀n, mẹ́tàlélógún, mẹ́tàdínlógójì, mẹ́wàá. Ọgọ́rùn-ún géérégé. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń jẹ nínú ọgọ́rùn-ún kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n pín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún. Bẹ́ẹ̀, bí a bá pín ẹgbẹ́ wa sí mẹ́ta, ìdá méjì rẹ̀ ni àwọn tó ti tó ogójì ọdún. Ilé yòówù tí a bá ti rí àgbà nínú rẹ̀ ni yóò tóbi. Omi tó wà nínú ìkòkò ńlá tí kò tilẹ̀ kún dé ìdajì lè ju omi inú ìkòkò kékeré tó kún dẹ́nu lọ. Èwo ló kún jù ni ìgbìmọ̀ ń béèrè, èwo lomi rẹ̀ pọ̀ jù ni ṣọ́ọ̀bù yẹn fi dáhùn.

Mo padà lọ bá wọn lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kọ̀ǹpútà kì í parọ́, pé bí mo bá fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, màá mú 5,000 wá. Mo bi í pé, "Ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ta ni?" Ó ní ọgbọ̀n pásẹ́ǹtì náà ni. Mo tún un bi. Ó kọjú sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ṣe fọ́tókọ́pì. Mo gba àwọn ìwé ìbéèrè wa lọ́wọ́ rẹ̀, mo dì wọ́n sínú báàgì, mo lọ sílé.

Èrò mi ni pé alẹ́ ọjọ́ kan péré ni iṣẹ́ náà máa gbà. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, nítorí ohun kan ṣoṣo: iye kò dọ́gba.

Mo ka ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, 154 ni. Mo wá yà wọ́n ní ti ọjọ́ orí, mo ń fa ìlà sínú ìwé, mẹ́rin lóròó, ìkarùn-ún dábùú wọn, títí mo fi parí. Mo kà á, 152. Mo yà wọ́n ní ti ọ̀nà tí wọ́n fẹ́, mo kà á, 157. Ìwé kan náà, lórí tábìlì kan náà, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo gbà pé oorun ló ń kùn mí, mo tún gbogbo rẹ̀ kà. 154, 152, 157. Wọ́n mú iná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Kò yẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń yí padà ni, ǹ bá ní èmi ni mò ń ṣì í kà. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó bá dúró síbì kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, inú ìwé ló wà. Mo sùn pẹ̀lú ìbínú lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lálẹ́ kejì, mo to ìwé náà gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà káàdì, láti orí èkíní dé ìkẹyìn. Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, kí n tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, kí n tó fa ìlà kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà sí ìwé yín, kí ẹ sì tò ó kí ẹ tó kà á. Bí mo ṣe tò ó báyìí ni mo rí ènìyàn méjì tó kọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́jà, ẹ̀ẹ̀kan nílé ìpàdé. Ìyẹn kò tilẹ̀ hàn nínú iye tí kò dọ́gba yẹn rárá. Bí kò bá sí nọ́ńbà, mi ò bá má mọ̀ láéláé. Mo yọ ẹ̀dà kejì wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo wá àwọn tí kò kọ ọjọ́ orí. Ìwé méjì péré, àwọn ló sọ 154 di 152. Rẹ́gísítà ẹgbẹ́ yanjú ìyẹn, àgbà ni àwọn méjèèjì.

Àwọn tó fàmì sí lọ́wọ́ tí wọ́n tún fàmì sí tiránsífà ló kù, mẹ́ta ni wọ́n, àwọn ló sọ 154 di 157. Mo gbé èyí àkọ́kọ́ sún mọ́ iná. Epo pupa ti mu ìwé náà ní igun kan, ó ń rùn bí ẹja yíyan, àmì kan nínú méjèèjì sì ṣókùnkùn, èkejì ràn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Mo fọwọ́ kàn án. Àmì ṣíṣókùnkùn yẹn tẹ ìwé wọnú, bíírò ló ṣe é. Èkejì kò tẹ ìwé rárá. Yíǹkì ìwé mìíràn ló ràn mọ́ ọn lára nínú òógùn ọwọ́ àti epo! Ẹni náà kò fàmì sí ibi méjì rí. Inú mi dùn débi pé mo pe ọkọ mi jí láti wá wò ó.

Méjì tó kù, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fà á ni. Mo lọ bá wọn ní ìsọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn dá mi lóhùn láìwojú mi, ó ń ka owó lọ́wọ́: "Méjèèjì ni mo fẹ́. Bí mo bá wà lọ́jà, kí ọmọ wá gbà á. Bí mo bá lọ sí Ọ̀fà, kí n fi ránṣẹ́." Ìdáhùn tó mọ́gbọ́n dání jù lọ nínú gbogbo ìwé yẹn nìyí, ìwé ìbéèrè mi kò sì ní àyè fún un. Mo yọ àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ àtẹ pé ènìyàn méjì fẹ́ méjèèjì. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, wọ́n ti kó gbogbo wọn wọlé, láìsí ẹnì kan tó pè mí pé, "Akọ̀wé, kí ni ká ṣe sí èyí?"

Ó wá ku 150. Àtẹ náà fúnra rẹ̀ kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ:

| | Lọ́wọ́ | Tiránsífà | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|
| Kò tíì tó 40 | 15 | 35 | 50 |
| Ó ti tó 40 | 55 | 45 | 100 |
| Àpapọ̀ | 70 | 80 | 150 |

Mo ro ó ní ìbú, 150. Mo ro ó lóròó, 150. Mi ò lè sọ bí ara ṣe tù mí tó.

Ẹ wo ilé tí 45 wà, àwọn àgbà tó fẹ́ tiránsífà. Bí mo bá pín in fún gbogbo ẹgbẹ́, ìyẹn 150, ó di pásẹ́ǹtì 30, èyí tí ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣe. Bí mo bá pín in fún àwọn tó fẹ́ tiránsífà, ìyẹn 80, ó di 56 lé díẹ̀. Bí mo bá pín in fún àwọn àgbà, ìyẹn 100, ó di 45. Ọ̀kankan nínú wọn kì í ṣe irọ́. Ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn ni kò rí bákan náà. Ẹni tó fẹ́ mọ àwọn tí yóò jókòó bí a bá pe gbogbo olùfẹ́ tiránsífà jọ, 56 ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n "nínú àwọn àgbà, mélòó ló fẹ́ ẹ?" ni ìgbìmọ̀ ń béèrè. Àwọn tó bá tẹ̀ lé "nínú" yẹn ni kí ẹ pín in fún. Pásẹ́ǹtì 45 àwọn àgbà ló fẹ́ tiránsífà, 70 nínú àwọn ọ̀dọ́, 35 nínú 50. Òdìkejì pátápátá ohun tí Alága kà síta ni.

Ǹ bá dúró síbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá oníwàrà kò kúrò létí mi. Báńkì ló béèrè, kì í ṣe ọjọ́ orí. Mo tún ìwé yà. Nínú àwọn àgbà 52 tó ní báńkì tí wọ́n ń fi fóònù lò, 39 fẹ́ tiránsífà, pásẹ́ǹtì 75. Nínú 48 tí kò ní, ẹni mẹ́fà péré. Nínú àwọn ọ̀dọ́ 44 tó ní, 34 fẹ́ ẹ, pásẹ́ǹtì 77. Nínú mẹ́fà tí kò ní, ẹnì kan, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ẹni mẹ́fà ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ẹ gbé 75 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 77. Níbo ni ìjà àgbà àti ọ̀dọ́ wà? Ẹni tó ní báńkì lọ́wọ́ fẹ́ ẹ, ì báà jẹ́ àgbà tàbí ọ̀dọ́.

Nígbà tí mo fi han àbúrò mi tó ka ìmọ̀ ìṣirò, ó ní irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, lọ́hùn-ún l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1973. Nínú àwọn ọkùnrin tó fẹ́ wọlé kàwé gboyè kejì sókè, nǹkan bíi pásẹ́ǹtì 44 ni wọ́n gbà. Nínú àwọn obìnrin, nǹkan bíi 35. Àfi bíi pé wọ́n ń rẹ́ obìnrin jẹ. Nígbà tí wọ́n tú u wò ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, àlàfo yẹn kò dúró. Ẹ̀ka tó ń kọ èèyàn púpọ̀ padà, ọkùnrin àti obìnrin, ni àwọn obìnrin pọ̀ sí láti wọ̀. Orí mi wú nígbà tí mo gbọ́ ọ, torí ìyá oníwàrà tí kò ka ìwé kankan ti rí i kí n tó rí i.

Mo fi máákà kọ àtẹ náà sórí káádíbọ́ọ̀dù. Mo kọ iye ènìyàn sínú gbogbo ilé, mo sì kọ "nínú 100" tàbí "nínú 50" sẹ́gbẹ̀ẹ́ pásẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá mú pásẹ́ǹtì tí kò ní "nínú" wá síwájú mi, mo ń dá a padà. Alága wò ó pẹ́ títí, ó ní kí n tún un ṣàlàyé, mo tún un ṣe. Ìgbìmọ̀ yí ìpinnu wọn padà: ọmọkùnrin wa á máa yí ìsọ̀ ká lọ́jọ́ Àlàmísì, ẹni tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ á máa fi ránṣẹ́. Nínú àwọn 54 tí kò ní báńkì lórí fóònù, ẹni tó bá wù láti ṣí i, a ti yan ẹni méjì tí yóò máa bá wọn lọ.

Ìyá oníwàrà rìn dé iwájú káádíbọ́ọ̀dù náà. Ó ní kí n fi ara òun han òun. Mo gbé ìka rẹ̀ lé 55. Ó bi mí pé ṣé ẹni márùndínlọ́gọ́ta yẹn ni gbogbo àwọn tó ní kí ọmọ ṣì máa wá gbà á, nínú àwọn ìyá nìkan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.

Ní ti 12,000, mo ti lọ bá wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò dá kọ́bọ̀ padà. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé owó ẹgbẹ́ bó ṣe rí. Ìwé ìbéèrè wa mìíràn ti wà nílẹ̀, ó ní àyè kẹta fún ẹni tó bá fẹ́ méjèèjì, èmi ni mo sì máa kà á.