Perturbation lórí harmonic oscillator: ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Òkè-Baálẹ̀ àti káàkiri Òṣogbo, ìbéèrè yín lórí perturbation rèé àti ìdáhùn wọn. Harmonic oscillator ni pátíkù tó ń mì nínú kòtò ½x²; perturbation ni kí a fi ohun kékeré kan, V, kún agbára rẹ̀ (H), kí a sì máa ṣe àtúnṣe díẹ̀díẹ̀ sí ìdáhùn tí a ti mọ̀. λ ló ń sọ bí V ṣe tóbi tó. Mo fi ħ = m = ω = 1 ṣiṣẹ́ kí ìlà má baà gùn jù. Nípa bẹ́ẹ̀, agbára ìpele n ni Eₙ = n + ½, x = (a + a†)/√2, a|n⟩ = √n |n−1⟩, a†|n⟩ = √(n+1) |n+1⟩ (a ń sọ ipò kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn kan, a† ń gbé e gòkè). Ẹni tí àwọn wọ̀nyí kò bá tíì dá lójú, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo fi λx kún H. Àtúnṣe kìíní jẹ́ òdo. Àtúnṣe kejì fún n = 3 fún mi ní −2λ², ọ̀rẹ́ mi rí −½λ². Ta ló gbà á?

Ọ̀rẹ́ rẹ ló gbà á. Òdo tí o kọ́kọ́ rí tọ̀nà, torí x kì í fi ipò kankan sílẹ̀ níbi tó wà: yálà kó gbé e gòkè ní àtẹ̀gùn kan tàbí kó sọ ọ́ kalẹ̀ ní ọ̀kan. Inú àtúnṣe kejì lo ti fo nǹkan. Àtúnṣe kejì ni àròpọ̀ λ²|⟨k|x|n⟩|²/(Eₙ − Eₖ) lórí gbogbo ipò k yòókù. Láti 3, ọ̀nà méjì ló wà. Ti òkè: |⟨4|x|3⟩|² = 4/2, abẹ́ ìlà jẹ́ E₃ − E₄ = −1, ó di −2λ². Ti ìsàlẹ̀: |⟨2|x|3⟩|² = 3/2, abẹ́ ìlà jẹ́ E₃ − E₂ = +1, ó di +1.5λ². Ro méjèèjì pọ̀, −0.5λ² ló kù. Ẹni tó bá ti n = 0 kọ́ ọ ló sábà máa ń ṣe èyí, torí kò sí ipò kankan lábẹ́ 0.

Yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ½x² + λx = ½(x + λ)² − ½λ². Kòtò náà kàn sún sí ẹ̀gbẹ́, ó sì fi ½λ² wálẹ̀. Gbogbo ìpele ló bá a wálẹ̀ dọ́gba, ìdí nìyẹn tí n kò fi sí nínú ìdáhùn.

Ìbéèrè: Mo kọ V = lam \* x\*\*4 nínú Python. Àtúnṣe kìíní fún n = 0 jáde ní òdo, ṣùgbọ́n 0.75λ ló yẹ.

Nínú NumPy, x\*\*4 máa ń fi òǹkà kọ̀ọ̀kan inú mátíríìsì lọ́po ara rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òdo ló wà lórí diagonal x (ìlà tó ti igun òkè apá òsì lọ sí igun ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún), òdo náà ló sì máa wà níbẹ̀. Kọ np.linalg.matrix_power(x, 4), tàbí x @ x @ x @ x. Diagonal rẹ gbọ́dọ̀ bá (6n² + 6n + 3)/4 mu: 0.75, 3.75, 9.75, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, wo igun ìsàlẹ̀. Bí mátíríìsì rẹ bá ní ìlà 20, iye méjì tó kẹ́yìn lórí diagonal yóò kéré ju bó ṣe yẹ lọ, torí x fẹ́ gòkè sí ipò 20 àti 21, o sì ti gé wọn kúrò. Kọ x ní ìlà 22, ṣe x⁴, lẹ́yìn náà kí o gé e sí 20. Lo np.linalg.eigvalsh lórí H láti rí agbára àwọn ìpele (eigenvalue rẹ̀), kí o sì máa fi ìlà kún un títí òǹkà tí o nílò kò fi ní yí padà mọ́.

Ìbéèrè: Pẹ̀lú λx⁴ àti λ = 0.1, kọ̀ǹpútà fún mi ní 0.559146 fún n = 0. Àtúnṣe mi fún mi ní 0.575, 0.54875, 0.56956, lẹ́yìn náà 0.54543. Ẹ̀ẹ̀kẹrin burú ju ẹ̀ẹ̀kẹta lọ! Níbo ni mo ti ṣì í?

O ò ṣì í. ½ + ¾λ − (21/8)λ² + (333/16)λ³ − (30885/128)λ⁴ ni, bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Ọ̀wọ́ (series) yìí kì í balẹ̀ síbì kan, bó ti wù kí λ kéré tó.

Fojú inú wo λ = −0.0001. Nítòsí x = 0, ojú kò lè rí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí x bá ti kọjá nǹkan bíi 71, λx⁴ ti borí ½x², kòtò ti di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò nísàlẹ̀, pátíkù á sì jò jáde. Kò sí ìpele tó rẹlẹ̀ jù lọ mọ́. Ọ̀wọ́ tó bá sì balẹ̀ fún λ tó ju òdo lọ díẹ̀ gbọ́dọ̀ balẹ̀ fún èyí tó rẹlẹ̀ sí òdo díẹ̀ pẹ̀lú. Freeman Dyson, onímọ̀ físíìsì, ló ro irú èrò yìí ní 1952 lórí ẹ̀kọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti ìmọ́lẹ̀. Carl Bender àti Tai Tsun Wu sì fi hàn lórí x⁴ gan-an ní 1969 bí àwọn òǹkà iwájú λ ṣe ń wú. Mo ka èyí sí ọ̀kan lára ohun tó dùn jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ń gbà á kọjá.

Nídìí iṣẹ́, dúró níbi tí àtúnṣe ti kéré jù. Fún 0.1, tìrẹ ni 0.075, 0.02625, 0.0208, 0.0241: má kọjá ẹ̀kẹta. Fún λ = 0.01, àtúnṣe mẹ́ta fún ọ ní 0.507258, òótọ́ rẹ̀ sì jẹ́ 0.507256. Ó dára, àmọ́ fún n kékeré ni o. Pẹ̀lú λ = 0.01 kan náà, àtúnṣe kìíní fún n = 10 ti di 1.66, bẹ́ẹ̀ àlàfo láàárín ìpele kan àti èkejì kò ju 1 lọ.

Ìbéèrè: Oscillator tó ń mì ní ìhà méjì, x àti y, pẹ̀lú V = λxy. Abẹ́ ìlà di òdo.

|1,0⟩ (n = 1 ní x, 0 ní y) àti |0,1⟩ jọ ní agbára 2, torí náà má fi ìlànà àtijọ́ kàn wọ́n. Kọ V láàárín àwọn méjèèjì nìkan: òdo lórí diagonal, λ/2 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wá eigenvalue rẹ̀, wàá rí ±λ/2, ìpele 2 á sì pín sí 2 + λ/2 àti 2 − λ/2. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, fi u = (x + y)/√2 àti v = (x − y)/√2 rọ́pò wọn; ó di oscillator méjì tí kò kan ara wọn, √(1 + λ) àti √(1 − λ). Fún λ = 0.1, ti òkè jẹ́ 1.5√1.1 + 0.5√0.9 = 2.0476, àtúnṣe kìíní sì fún ọ ní 2.05.