Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ́ kí owó òṣìṣẹ́ fáktìrì dúró sójú kan

Ẹni méjì wọ fáktìrì lọ́jọ́ kan náà, ìdí ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n jọ dúró, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ owó ọ̀kan ti ju ti èkejì lọ, èkejì wá ń sọ pé ọ̀gá ló fẹ́ràn ẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o, ojúsàájú wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo tiyín ná.

Ẹ má fi iye ọdún nìkan bèèrè owó. Ọdún mẹ́wàá nídìí bọ́tìnnì kan, ẹni tó wọlé lánàá lè kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá náà sì mọ̀. Ohun tó ń mówó wá ni pé tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ta ló mọ ohun tó ń ṣe é? Tí wọ́n bá fẹ́ yí i sí ọjà míì, ta ló lè sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kíákíá? Ọ̀pọ̀ fáktìrì ló lẹ pátákó mọ́ ògiri, orúkọ òṣìṣẹ́ lápá kan, ẹ̀rọ lápá kejì, wọ́n á máàkì ẹni tó lè lo èwo. Ẹ lọ wo iye ibi tó ṣófo níwájú orúkọ yín.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kéèyàn máa fi iṣẹ́ tó bàjẹ́ pamọ́. Àwọn tí wọ́n ń sanwó fún ní ẹyọ ẹyọ ló pọ̀ nídìí ẹ̀, wọ́n á sáré kí iye lè pọ̀, wọ́n á ti èyí tó wọ́ sábẹ́ èyí tó dáa, ó tán, tí wọ́n bá dá gbogbo ẹ̀ padà, àwọn náà ló máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ẹyọ méjì.

Pípẹ́ lẹ́yìn àti ìfiṣẹ́sílẹ̀ lójijì náà ń jẹ owó. Lórí láìnì, níbi tí iṣẹ́ ti ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹnì kan tí ò dé lè dá ogún èèyàn dúró. Lọ́dún 1913 àwọn òṣìṣẹ́ Ford, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà, ń fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ débi pé ní January 1914 ilé iṣẹ́ náà kéde $5 lóòjọ́ fún wákàtí 8, ó ju ìlọ́po méjì owó tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò bá tíì lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀ ò ní rí i gbà.

Ẹ má sì fi ìmọ̀ ṣahun. Ẹ rò pé wọn ò lè ṣe é láìsí yín, òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè gbé yín kúrò nídìí ẹ̀rọ yẹn sípò míì.

Ìwà dáadáa kì í ṣe yẹ́sà o. Ẹni tó yọ ohun ààbò tó wà lára ẹ̀rọ torí kí iṣẹ́ lè yá kínú ọ̀gá lè dùn, ìka ẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bèèrè owó, ẹ mú àkọsílẹ̀ dání: ẹ̀rọ mélòó lẹ mọ̀, iye iṣẹ́ tó ń bàjẹ́ ti dínkù tó báwo, ọjọ́ mélòó lẹ pa jẹ. Tí wọ́n bá ní kò sówó, ẹ ní kí wọ́n kọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa mọ̀ kẹ́ ẹ tó bọ́ sípò tó kàn sílẹ̀. Tí wọn ò bá rí nǹkan kọ, fáktìrì míì náà ń wá ẹni tó lè lo ẹ̀rọ mẹ́rin.