Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ọmọ tọ́ l'Ékòó

Ẹ̀yin èèyàn wa, yálà Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ̀ ń gbé tàbí Súrùlérè, ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti ìgbáyégbádùn ní Alausa kẹ́ ẹ tó wá ọmọ kankan. Wọ́n á béèrè ìwé ìgbéyàwó àti ìwé àyẹ̀wò ara. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ọdún 21, ó kéré tán, ju ọmọ náà lọ. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà á wá wo ilé yín: ibi tọ́mọ máa sùn, ẹni tó máa dúró tì í tẹ́ ẹ bá lọ síbi iṣẹ́. Yàrá kan tó mọ́ tó. Ẹ má yáwó kun ilé nítorí ìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, tí nọ́ọ̀sì kan bá ní ọmọ wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ sáà ti sanwó, ẹ sá! Ríra ọmọ nìyẹn, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀, wọ́n sì lè gba ọmọ tọ́kàn yín ti fà mọ́.

Ọmọ gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ yín fún oṣù 3, ó kéré tán, kí kóòtù ẹbí tó fàṣẹ sí i. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé àṣẹ náà tó ní òǹtẹ̀ kóòtù, torí ẹ máa nílò rẹ̀ fún ìwé ìrìnnà ọmọ.