Prósẹ́sọ̀ tí a fi kún eré rẹ̀: báwo la ṣe ń mọ̀ pé kò ní já wa kulẹ̀?

Ìbéèrè: Mo fi kún eré prósẹ́sọ̀ Ryzen mi tó ní core mẹ́jọ (core ni ẹ̀ka tó ń ṣe iṣẹ́ nínú prósẹ́sọ̀), mo sì gbé Curve Optimizer, ibi tí a ti ń dín voltage core kọ̀ọ̀kan kù, sí -30 fún gbogbo wọn. Prime95, ètò tó ń fi ìṣirò líle dán prósẹ́sọ̀ wò, ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́jú, kò sí àṣìṣe kankan. Àmọ́ tí mo bá kàn ń ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á ṣàdédé kú, á tún tan ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé?

Ìdáhùn: Gbogbo core pọ̀ lẹ dán wò. Tí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ àṣekára lẹ́ẹ̀kan náà, ooru àti iná tí wọ́n ń fà kì í jẹ́ kí wọ́n sáré dé góńgó. Ìgbà tí iṣẹ́ bá fúyẹ́, tó jẹ́ core kan ló ń ṣe é, ni core yẹn máa ń sáré jù, ibẹ̀ gan-an sì ni voltage tí -30 ti gé kù kì í tó o mọ́. Àwọn core ò rí bákan náà rárá: òmíràn á gba -30 láìmira, òmíràn ò ní lè kọjá -15.

Ẹ ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ àṣìṣe sí, kí ẹ wá WHEA-Logger, Event 18, tó ń sọ àṣìṣe ohun èlò kọ̀ǹpútà. Ẹ lè rí irú ìlà yìí níbẹ̀: "Processor APIC ID: 6". Nọ́ńbà thread, ìyẹn ọ̀nà iṣẹ́ inú core, ni APIC ID yẹn. Lórí core mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní thread méjì, core 3 ló ni 6 àti 7, tí a bá ń kà láti 0. Òun nìkan ni kí ẹ dá padà sí -25, kí ẹ wá fi CoreCycler dán an wò, torí CoreCycler máa ń gbé Prime95 lé core lórí níkọ̀ọ̀kan. Ẹ má fìyà ẹyọ kan jẹ méje tó kù.

Ìbéèrè: Tèmi ò kú. Worker kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ìpín iṣẹ́ Prime95, ló dúró, ó kọ ọ́ pé "Rounding was 0.5, expected less than 0.4". Àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ lọ. Ṣé mo lè gbójú fò ó?

Ìdáhùn: Rárá o! Ìṣirò tí kò tọ̀nà ni prósẹ́sọ̀ yín ṣe yẹn. Ó bà mí lẹ́rù ju kọ̀ǹpútà tó kú lọ, torí èyí tó kú ti fi ara rẹ̀ hàn. Èyí tó ń ṣírò òdì lè máa ba fáìlì yín jẹ́ láìjẹ́ pé ẹ fura. Ẹ kọ́kọ́ da fáìlì yín kọ síbòmíràn. Tó bá jẹ́ Small FFTs, ọ̀kan lára àwọn ìdánwò Prime95, ló mú un jáde, prósẹ́sọ̀ ni kí ẹ fura sí, torí inú cache, ibi ìpamọ́ kékeré inú prósẹ́sọ̀, niṣẹ́ yẹn ń parí sí. Tó bá jẹ́ Blend, ìdánwò tó ń lo RAM pẹ̀lú, nìkan, ó lè jẹ́ RAM: ẹ dá prósẹ́sọ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi MemTest86 yẹ RAM wò.

Ìbéèrè: Kíá ni ooru Ryzen 7000 mi dé 95°C. Ṣé kí n dá a dúró?

Ìdáhùn: AMD ṣe é kó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Eré rẹ̀ ni kí ẹ máa wò nínú HWiNFO, ètò tó ń fi eré àti ooru prósẹ́sọ̀ hàn. Tó bá ti ń já wálẹ̀, kì í ṣe eré tí ẹ fẹ́ lẹ ń dán wò mọ́. Ẹ dín voltage kù tàbí kí ẹ wá cooler tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ lọ́tun.