Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí iṣẹ́ ṣíìpù DSP

Bí ìró tó ń jáde látinú bóòdù DSP (èyí tí ṣíìpù rẹ̀ ń fi ìṣirò ṣiṣẹ́ lórí ìró) bá ń ha, kóòdù ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń tú palẹ̀. Èmi náà fi odindi ọ̀sẹ̀ kan tún kóòdù kọ rí, láìmọ̀ pé ariwo regulator, ẹ̀yà tó ń mú kí iná bóòdù dúró déédéé, ti dà pọ̀ mọ́ ìró náà kó tó wọ inú ṣíìpù.

Ẹ má ṣe fo asẹ́ (filter) tó yẹ kó wà níwájú ADC, ẹ̀yà tó ń sọ àmì iná di nọ́ńbà. Bí ADC bá ń ka àmì nígbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tó bá ga ju 24 kHz, ìyẹn ìdajì rẹ̀, kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ariwo 30 kHz tí etí kò lè gbọ́ yóò di 18 kHz, yóò sì jókòó sáàárín ìró gidi. Kò sí kóòdù tó lè yà wọ́n mọ́, torí nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ti dà. Lóòótọ́, ADC irú sigma-delta, tó ń ka àmì lọ́pọ̀ ìgbà ju iye tó ń gbé jáde lọ, ní asẹ́ nínú, resistor kan àti capacitor kan sì sábà máa ń tó níwájú rẹ̀. Irú SAR, tó ń wá nọ́ńbà ní bit kọ̀ọ̀kan tẹ̀léra, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ti nọ́ńbà ló tún ń dùn mí. Nínú Q15, ọ̀nà kan láti fi bit 16 kọ nọ́ńbà onídà, àyè tó wà kò ju -32768 sí 32767 lọ. Ẹ fi 1 kún 32767, ó di -32768: ìgbì tó wà lókè téńté já sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, etí á sì gbọ́ ọ bí ìgbà tí nǹkan fọ́. Ẹ tan saturation, tó ń dá nọ́ńbà dúró sí òpin àyè rẹ̀ dípò kó yí padà. Bí ẹ bá sì ń ṣe asẹ́ FIR, tó ń sọ àwọn àmì di púpọ̀ tó sì ń ro wọ́n pọ̀, inú accumulator (àyè tí ṣíìpù ti ń ṣe àròpọ̀) ni kí ẹ ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán kí ẹ tó gé e sí bit 16. Accumulator C55x ti Texas Instruments ní bit 40, mẹ́jọ nínú rẹ̀ sì wà fún àkúnwọ́sílẹ̀ yìí gan-an.

Ẹ ka àkókò kí ẹ tó yan ṣíìpù. Ní 48 kHz, ṣíìpù 100 MHz ní nǹkan bí 2,083 ìyípo aago fún àmì kọ̀ọ̀kan, kò jù bẹ́ẹ̀. printf kan ṣoṣo (àṣẹ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ jáde) nínú interrupt, iṣẹ́ tí ṣíìpù ń dá ohun mìíràn dúró láti ṣe, lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí DMA, ẹ̀yà tó ń kó dátà láìyọ ọpọlọ ṣíìpù lẹ́nu, máa kó àmì sínú buffer (àyè ìkópamọ́) méjì tí yóò máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Bí cache (ìrántí kékeré tó yára, tó ń tọ́jú ẹ̀dà dátà) bá sì wà, ẹ sọ ẹ̀dà inú rẹ̀ di asán (invalidate) kí ẹ tó ka buffer, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà àtijọ́ lẹ máa máa ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ní ti capacitor 0.1 µF tó ń gbá ariwo iná dànù, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ iná ṣíìpù náà gan-an ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe ibi tí àyè bá ti ṣẹ́ kù lórí bóòdù.