Bí èmi àti Bàbá Ayọ̀ ṣe fẹnu kò lórí IVF

Oyún wálẹ̀ lára mi lẹ́ẹ̀kẹta, ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ọmọ ọdún 39 ni mí nígbà náà, Ayọ̀ ọmọ wa kan ṣoṣo sì ti pé ọdún mẹ́fà. Mi ò tíì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi fi nọ́ńbà ilé ìwòsàn IVF kan l'Ékòó ránṣẹ́ sí mi: "Wọ́n á yẹ ọlẹ̀ wò kí wọ́n tó fi sínú ẹ. Èyí tó bá pé nìkan ni wọ́n á lò." IVF ni kí wọ́n so ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ níta ara, kí wọ́n tó fi ọlẹ̀, ìyẹn oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, sínú ilé ọmọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi dùn létí. Oṣù mẹ́rin gbáko la fi rò ó.

Ìgò kékeré kan ló kọ́kọ́ là wá lójú. Nígbà tí oyún kejì wálẹ̀, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti fọ ilé ọmọ fún mi da ohun tó jáde sínú fọ́málìnì, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí nǹkan jẹrà. Nígbà tá a wá ní kí wọ́n yẹ krómósómù rẹ̀ wò (àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá èèyàn), wọ́n ní fọ́málìnì ti pa á, kò sí ohun tó lè hù níbẹ̀ mọ́. Oyún kan ṣoṣo, mo sunkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Torí náà, nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kí wọ́n tó gún mi lábẹ́rẹ́ oorun ni mo ti di ọwọ́ dókítà mú: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, omi dírípù ni kí ẹ fi sí o, kì í ṣe fọ́málìnì." Bàbá Ayọ̀ ló gbé ìgò náà lọ sí ilé àyẹ̀wò, nínú kúlà tí Ayọ̀ fi ń gbé oúnjẹ lọ sílé ìwé. A ò lo kúlà yẹn mọ́.

Èsì dé: krómósómù 16 jẹ́ mẹ́ta dípò méjì. Dókítà ṣàlàyé pé 46 ló yẹ kéèyàn ní, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá, 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, àti pé nínú oyún tó ń wálẹ̀ torí pé krómósómù kan lé, 16 yìí ni wọ́n ń bá jù. "Kì í ṣe ata tí ẹ jẹ, kì í ṣe garawa omi tí ẹ gbé. Ẹyin obìnrin ló ń dàgbà, màdáámù." Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni o.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ èmi àti ọkọ mi wò, krómósómù wa pé. Ká ní apá kan krómósómù ti bọ́ síbi tí kò yẹ lára ọ̀kan nínú wa ni, dókítà ní òun fúnra òun ni ì bá tì wá síbi IVF. Wọ́n tún wá àìsàn ẹ̀jẹ̀ tó ń dì nínú oyún, èyí tí wọ́n ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ 12 láàárín. Kò sí. Ká ní ó wà ni, aspirin àti abẹ́rẹ́ heparin ni ìtọ́jú rẹ̀, kì í ṣe IVF.

Màmá ọkọ mi ò gbà. "Ṣé jínótáìpù yín ló kọ̀ ni?" AA ni mí, AS ni ọmọ wọn. Ó tó ìgbà mẹ́ta tí mo ṣàlàyé fún wọn pé àyẹ̀wò tí AS méjì fi ń sá fún ọmọ SS yàtọ̀ sí èyí tá à ń sọ.

A lọ sí Èkó. Dókítà ibẹ̀ yí ìwé kan padà, ó kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn rẹ̀: ẹyin 10, 8 tó gbó, 6 tó gba àtọ̀, ọlẹ̀ 3 tó dé ọjọ́ karùn-ún, 1 tó pé. Ó dúró díẹ̀, ó wá kọ "tàbí òdo" sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1 yẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún òdo yẹn. Àyẹ̀wò ọlẹ̀ náà kì í tún ọlẹ̀ ṣe, ṣíṣà ló ń ṣà á. Sẹ́ẹ̀lì bíi márùn-ún sí mẹ́wàá ni wọ́n ń mú, níbi tí yóò di ibi ọmọ, wọ́n á wá fi ọlẹ̀ pamọ́ sínú òtútù líle títí èsì á fi dé. Àwọn ọlẹ̀ mìíràn sì wà tí sẹ́ẹ̀lì wọn jẹ́ àdàlù: krómósómù àwọn kan pé, ti àwọn kan ò pé. Ibẹ̀ ni Bàbá Ayọ̀ ti dá ọ̀rọ̀ dúró: "Tá a bá wá sọ èyí tó lè di ọmọ nù ńkọ́, sà?" Dókítà ò purọ́, ó ní ó lè ṣẹlẹ̀.

Nígbà tá a délé mo kà pé HFEA, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ yìí nílùú Gẹ̀ẹ́sì, fún àyẹ̀wò náà ní àwọ̀ ewé (ẹ̀rí wà pé ó ń ṣiṣẹ́) lórí dídín oyún tó ń wálẹ̀ kù, àmọ́ pupa ni wọ́n fún un lórí pé kó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn túbọ̀ láǹfààní láti rí ọmọ gbé pọ̀n. Ohun méjì tí mo ti lù pọ̀ mọ́ra látọjọ́ yìí!

Alẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ, ọkọ mi béèrè pé, "Ìyá Ayọ̀, oṣù mélòó lo máa ń gbà kí o tó lóyún?" Mẹ́ta, ó pẹ́ tán, mẹ́rin. Àti lóyún kọ́ ni ìṣòro mi. Aládùúgbò wa tó ti ń wá ọmọ láti ọdún méje, ìṣirò tiẹ̀ ò lè jọ tèmi. Ṣùgbọ́n èmi náà sọ tẹnu mi: mi ò lè gba kí wọ́n tún fọ ilé ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì mọ́, ọjọ́ orí ò sì dúró dè mí.

Ibi tá a fàbọ̀ sí nìyí. Oṣù mẹ́fà la ó fi gbìyànjú fúnra wa. Tóyún bá dúró, mo ń lọ fún scan ní ọ̀sẹ̀ keje. Tí kò bá sí nǹkan, a ń lọ kó ẹyin, kò sí ìpàdé mìíràn. Owó náà wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, a ti sọ fún akọ̀wé pé kó má gbọ́ tẹnikẹ́ni nínú wa bí a bá wá yá nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń pè: "Ṣé ẹ ti kàn sí wọn?" Nọ́ńbà náà wà lórí fóònù mi. Mo ti kọ "Oṣù Kẹwàá" síwájú rẹ̀.