Bí a ṣe ń kọ ìtàn aláṣàyàn nínú Twine: télọ̀ kan, aṣọ mẹ́ta, òru kan

Ìtàn aláṣàyàn ni ìtàn tí òǹkàwé fúnra rẹ̀ ń tẹ ibi tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ gbà. Nídìí àlọ́, àwọn tó jókòó máa ń dáhùn pé "Àlọ̀!", wọ́n sì máa ń gbe orin, ṣùgbọ́n Ìjàpá kì í dúró bi wọ́n bóyá kí òun jalè tàbí kí òun má jà á. Níbí, Ìjàpá á dúró, á sì bi yín.

Twine ni ohun èlò tí a ó lò. Chris Klimas ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2009. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè lò ó nínú bíráwúsà ní twinery.org, ẹ sì lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé iṣẹ́ àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà dénú ni, ẹ fọkàn balẹ̀: àmì méjì-mẹ́ta ni ẹ ó máa tẹ̀, ìyókù ọ̀rọ̀ ni.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni a ó mú dé òpin. Télọ̀ kan wà n'Ìbàdàn, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni. Aṣọ mẹ́ta wà nílẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ jáde láàárọ̀ Sátidé: léèsì ìyá ìyàwó, agbádá Alhaji tó ti san owó rẹ̀ pé, àti aṣọ ọmọ onílé, bẹ́ẹ̀ télọ̀ jẹ onílé náà ní owó ṣọ́ọ̀bù oṣù mẹ́ta. ₦6,000 ló wà lápò. Aṣọ méjì péré ni yóò lè rán tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Télọ̀ náà ni òǹkàwé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ohun tí yóò bọ́ sọ́nù

Orí bébà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní iwájú àṣàyàn kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí òǹkàwé máa pàdánù bó bá yàn án. Bí ìlà kan bá ṣófo, àṣàyàn yẹn kò tíì jinná. "Ṣé kí o kí ìyá ìyàwó dáadáa, àbí kí o bú u?" kì í ṣe àṣàyàn, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ èyí tó yẹ. Ṣùgbọ́n bí òǹkàwé bá mú léèsì lákọ̀ọ́kọ́, agbádá ẹni tó ti sanwó á dúró; bó bá mú agbádá, ìyá ìyàwó lè máà rí aṣọ wọ̀ dé ibi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀; bó bá mú ti ọmọ onílé, gbèsè ló ń sá fún. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ìdí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ẹni tí yóò bínú. Ibẹ̀ ni ìtàn wà.

Òdìkejì rẹ̀ náà tún wà: àṣàyàn tí kò sí ohun tí òǹkàwé lè fi gbé e yẹ̀ wò. "Ya ọ̀tún tàbí ya òsì" láìsọ ohun tó wà lọ́tùn-ún, kọ́bọ̀ jíjù lásán ni. Ẹ jẹ́ kí ó mọ díẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya ọ̀nà, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọ̀nà tún pàdé

Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti ń kú. Òǹkọ̀wé á ní kí gbogbo àṣàyàn bí ẹ̀ka tirẹ̀, kò sì ní ṣírò. Ẹni tó bá mọ ètò Odù Ifá ti mọ ìṣirò náà tipẹ́: ojú mẹ́jọ, ọ̀kan tàbí méjì ní ojú kọ̀ọ̀kan, ó di 256. Bí ìtàn yín bá ní àṣàyàn oníméjì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra tí ẹ̀ka kankan kò sì pàdé, òpin 1,024 ni ẹ ó kọ, òǹkàwé kan á sì rí ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Ẹ ṣe é bí odò tó pín yí òkúta ká tó tún pàdé nísàlẹ̀. Ti télọ̀ wa rèé, pẹ̀lú iye àpótí tí a ó kọ fún ibì kọ̀ọ̀kan (àpótí ni ojú ewé kékeré kọ̀ọ̀kan tí òǹkàwé ń bá pàdé): ìbẹ̀rẹ̀, àpótí 1; aṣọ tó kọ́kọ́ mú, àpótí 3; iná lọ, gbogbo ọ̀nà pàdé, àpótí 1; ohun tó ṣe sí i, àpótí 3 (kó ra epo sí jẹnẹrétọ̀ ní ₦5,000, kó gbé aṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́, tàbí kó fi àtùpà àti màṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ rán an); ìdájí, Alhaji pè, àpótí 1; kó sọ òótọ́ tàbí kó purọ́, àpótí 2; òwúrọ̀, àwọn oníbàárà dé, àpótí 1; òpin, àpótí 4. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ àpótí 16. Síbẹ̀, ọ̀nà 18 ló wọ òwúrọ̀, nítorí 3 lọ́nà 3 lọ́nà 2 ni. Bí a kò bá jẹ́ kí wọ́n pàdé rárá, àpótí 61 ni a ó ti kọ kí a tó dé òpin kankan.

Ẹ má kọjá àpótí 20 nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé ìtàn gígùn burú, èyí tó parí ló ń kọ́ni níṣẹ́. Nínú IFComp, ìdíje fún ìtàn tí òǹkàwé ń darí, tó ti ń wáyé láti 1995, wákàtí méjì àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ kan ni adájọ́ gbọ́dọ̀ fi dá a lẹ́jọ́. Ìtàn tó bá pẹ́ kó tó gbérasọ, ó ti fi àyè sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: inú Twine

Ẹ tẹ New, ẹ sọ ìtàn lórúkọ. Àpótí kan á jáde. Passage ni Twine ń pè é, àpótí ni a ó máa pè é. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i. Líǹkì rí báyìí:

[[Gé léèsì náà->leesi]]

Ohun tó ṣáájú ọfà ni òǹkàwé máa rí. Ohun tó tẹ̀lé e ni orúkọ àpótí tí yóò gbé e lọ. Bí àpótí yẹn kò bá tíì sí, Twine á dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yí orúkọ àpótí padà, bọ́tìnì Rename ni kí ẹ lò, torí òun ló máa tún gbogbo líǹkì tó wọ ibẹ̀ ṣe.

Ẹ kíyè sí i pé "leesi" ni a kọ, kì í ṣe "léèsì". Ìdí wà. Lẹ́tà bí ọ̀ lè wọ inú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ. Kíbọ́ọ̀dù kan á kọ "ọ" tán, á gbé àmì ohùn lé e. Òmíràn á kọ "o", á fi àmì sábẹ́ rẹ̀, á tún wá fi òmíràn sórí. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú Twine, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹ bá kọ àpótí "ọ̀rẹ́" lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ wá kọ líǹkì rẹ̀ lórí fóònù, àpótí òfìfo kejì lè yọ tí orúkọ rẹ̀ jọ ti àkọ́kọ́ bí ìbejì. Òǹkàwé á tẹ̀ ẹ́, ojú ewé funfun ló máa bá. Nítorí náà, orúkọ àpótí àti orúkọ ohun ìrántí (ó ń bọ̀ nísàlẹ̀) kí ó jẹ́ lẹ́tà lásán, láìsí àmì. Àmì pípé ni kí ẹ fi sí ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé ń kà. Ẹ má fi ìyẹn ṣe àfojúdi rárá, torí igbá, igba àti ìgbà ò lè jọ wà nínú gbólóhùn kan láìsí i. Kíbọ́ọ̀dù kan náà ni kí ẹ sì lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Find and Replace kò ní rí ìdajì ohun tí ẹ ń wá.

Kí àmì ìsàlẹ̀ ìlà kan má baà gun àmì òkè ìlà kejì lẹ́yìn, ẹ lọ sí Story, lẹ́yìn náà Stylesheet, kí ẹ lẹ èyí mọ́ ọn:

tw-story { font-family: "Noto Serif", serif; font-size: 20px; line-height: 1.7; }

Ní ti gígùn, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ yóò ti kà á. Ọ̀rọ̀ 60 sí 150 tó fún àpótí kan. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, líǹkì á ti sá sísàlẹ̀ tí ojú kò rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí ìtàn máa rántí

Bí àwọn ọ̀nà bá ń pàdé ṣùgbọ́n tí ìtàn ti gbàgbé ibi tí òǹkàwé gbà wá, òǹkàwé á mọ̀ pé wọ́n kàn ń tan òun ni. Ìrántí ló ń gba ètò odò yẹn là. Harlowe, irú ètò ìtàn tí Twine máa ń fún wa bí a kò bá yan òmíràn, ń ṣe é báyìí. Nínú àpótí ìbẹ̀rẹ̀, a fi ₦6,000 sínú ohun ìrántí tí a sọ ní $owo:

(set: $owo to 6000)

Nínú àpótí tí télọ̀ ti ra epo:

(set: $owo to it - 5000)

Nínú àpótí òwúrọ̀, nígbà tí ọmọṣẹ́ ń wá owó ọkọ̀ tí yóò fi gbé agbádá lọ fún Alhaji:

(if: $owo >= 2000)[O na owó sí i, ó sì fò sórí ọ̀kadà.](else:)[O tú àpò yẹ̀ wò. Owó inú rẹ̀ ò lè gbé e débẹ̀.]

Gbólóhùn méjì péré yìí ni yóò jẹ́ kí òǹkàwé rántí epo òru àná. Kò ná wa ní àpótí kan sí i.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀ níbí. Èkíní, kíkọ $owo níbì kan àti $owó níbòmíràn: orúkọ méjì ni, iye èkejì tí ẹ kò fún ní nǹkan kan sì jẹ́ 0. Twine kò ní pariwo. Télọ̀ á kàn di akúṣẹ̀ẹ́ láìnídìí. Èkejì, kíkọ = dípò "is" nígbà tí ẹ bá ń bèèrè ìbéèrè; ìyẹn máa ń gbé àkọlé àṣìṣe jáde lójú ìtàn. Ẹ̀kẹta, gbígbàgbé àmì ] kan. Ẹ máa kà wọ́n bí ẹni ń ka owó.

Ohun ìrántí mẹ́ta tó fún ìtàn yìí: $owo, $iro tó ń sọ bóyá télọ̀ purọ́ fún Alhaji, àti $akoko tó ń sọ aṣọ tí a kọ́kọ́ mú. Ẹni tó bá dá mẹ́wàá sílẹ̀ kò ní lè ṣàyẹ̀wò wọn tán.

Èdè fúnra rẹ̀

Yorùbá fún wa ní ohun kan lọ́fẹ̀ẹ́: "o" àti "ó" kì í sọ ọkùnrin tàbí obìnrin. Télọ̀ yín lè jẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń kà á, kí ẹ sì má sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìkíni máa tú àṣírí. Kété tí ìyá ìyàwó bá wọlé, ṣé télọ̀ á kúnlẹ̀ ni, àbí á dọ̀bálẹ̀? Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ bi òǹkàwé níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ pa á mọ́:

(if: $obinrin is true)[O kúnlẹ̀.](else:)[O dọ̀bálẹ̀.]

Tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹnu kí i, kí ara má hàn: "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ ò ní bínú." Èyí kejì ló yá jù nínú ìtàn kékeré. Ọjọ́ orí náà ń hàn nínú "o" àti "ẹ". Bí Alhaji bá pe télọ̀ ní "ẹ", ẹ ti sọ fún òǹkàwé pé òun kì í ṣe ọmọdé. Ẹ má wá yí i padà ní àpótí kẹwàá.

Ọ̀rọ̀ orí líǹkì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìṣe tó ṣe kedere. "Bá Alhaji sọ̀rọ̀" kò tó. "Sọ fún Alhaji pé agbádá kò tíì parí" àti "Sọ fún Alhaji pé o ti ń lọ̀ ọ́" yàtọ̀ gédégédé. Òǹkàwé tó tẹ líǹkì tó wá bá ohun tí kò ní lọ́kàn máa ń bínú sí òǹkọ̀wé, kì í sì í padà wá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìdánwò

Ẹ kọ́kọ́ ṣí Story, lẹ́yìn náà Details, níbi tí Twine ti ń ka iye líǹkì tó já. Òdo ni kó jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ọ̀nà méjìdínlógún náà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa fi báírò fa ìlà sí èyí tẹ́ ẹ ti gbà.

Ẹ wá ẹni mẹ́ta. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Èyí ṣòro ju kíkọ lọ, torí ẹnu á máa yún yín láti ṣàlàyé. Ibi tí wọ́n bá ti dúró pẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti tẹ̀ láìkà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá parí, ìbéèrè kan péré: "Kí lo rò pé yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí o tẹ èyí?" Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn. Ọ̀rẹ́ yín ni wọ́n, wọ́n á ní ó dùn.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ dán iṣẹ́ ẹlòmíràn wò, ẹ sọ ibi tó dá yín dúró àti ohun tẹ́ ẹ retí, kí ẹ má bá a kọ ìtàn náà. Kí ẹ sì sọ gbólóhùn kan tó wọ̀ yín lára, ní pàtó. "O ṣe dáadáa" kì í ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. "Ibi tí ọmọṣẹ́ ti ń tẹ àtùpà mọ́ àyà kí afẹ́fẹ́ má pa á" lè jẹ́ kó jókòó kọ̀wé fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Bí iṣẹ́ bá sì há láàárín, ẹ fo lọ sí òpin, kí ẹ kọ àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ibẹ̀. Nígbà míì, àárín há nítorí pé òǹkọ̀wé kò tíì mọ ohun tó ń gbé òǹkàwé lọ bá. Bí ó bá ṣì há, ẹ yọ ẹ̀ka kan kúrò. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí.

Ìpamọ́ àti ìgbéjáde

Bí inú bíráwúsà ni ẹ ti ń kọ ọ́, inú bíráwúsà yẹn náà ló wà, kò sí níbòmíràn. Ẹni tó bá nu dátà bíráwúsà rẹ̀ ti nu ìtàn rẹ̀. Bíráwúsà Safari lè pa á rẹ́ fúnra rẹ̀ bí ẹ kò bá ṣí Twine fún ọjọ́ méje. Ní ìparí iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ sí Library, kí ẹ tẹ Archive, kí ẹ sì fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín.

Nígbà tó bá parí, ẹ lọ sí Build, kí ẹ tẹ Publish to File. Fáìlì HTML kan ṣoṣo ló máa jáde, ó sì máa ń ṣí nínú bíráwúsà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí dókúmẹ́ńtì. Fún gbogbo ayé, ìkànnì itch.io ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ yan HTML gẹ́gẹ́ bí irú iṣẹ́, ẹ gbé fáìlì sókè, kí ẹ sì fi àmì sí "This file will be played in the browser". Bí ẹ bá fi àwòrán kún un, tí ẹ sì di gbogbo rẹ̀ sínú zip, orúkọ fáìlì ìtàn gbọ́dọ̀ jẹ́ index.html, kó sì wà lójú zip gan-an, kì í ṣe nínú fódà mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù ẹlòmíràn ṣí i, kí ẹ tẹ àpótí àkọ́kọ́ kọjá, kí ẹ sì wò ó bóyá àmì ọ̀ àti ẹ́ jókòó síbi tó yẹ kí wọ́n jókòó sí.